Ìṣọ́ Òru àti Owó Ìlú

Nígbà tí agogo mọ́kànlá òru bá lù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Àkúrẹ́, ọkùnrin kan yóò ti géètì tí ó wà ní ẹnu òpópó, yóò fi ẹ̀wọ̀n dè é, yóò sì fi àgádágodo sí i. Láti ìgbà náà títí di ìdájí, òun ni yóò máa rìn kiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ kan àti kùmọ̀ ní ọwọ́ kejì. Yóò máa fọn fèrè, yóò sì máa fi irin lu òpó iná, kí àwọn tí ó sùn lè mọ̀ pé ẹnì kan kò sùn. Ọdẹ àdúgbò ni. Nígbà tí oṣù bá parí, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé yóò mú ìwé rẹ̀, yóò sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba owó ọdẹ. Onílé ń san, ayálégbé ń san, opó tí ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà náà ń san.

Àwọn tí ń san owó yìí kan náà ni wọ́n ń san owó orí àti owó ọjà. Wọ́n sì mọ̀ pé ìjọba ní ọlọ́pàá, àgọ́ ọlọ́pàá kò sì jìnnà sí wọn. Nítorí náà ni ìbéèrè kan ṣe ń jáde lẹ́nu wọn nígbà gbogbo tí akọ̀wé bá kan ilẹ̀kùn: "Bí ìjọba bá ti gba owó lọ́wọ́ wa kí ó lè máa ṣọ́ wa, èwo ni ti owó ọdẹ mọ́?" Ìbéèrè náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní láti mọ ibi tí iṣẹ́ ìṣọ́ ìlú ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí ń san owó rẹ̀, àti ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ti ná an.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìlú ńlá a máa ní odi àti yàrà tí ó yí wọn ká. Oníbodè a máa jókòó ní ẹnu bodè, a máa wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, a sì máa gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Àwọn ọdẹ ni wọ́n ń ṣọ́ òru, nítorí pé wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ ipasẹ̀, wọ́n sì mọ ohùn ẹranko yàtọ̀ sí ti ènìyàn tí ń dún bí ẹranko. Ọdẹ tí ń ṣọ́ agbo ilé kan kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Bí ó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ yóò gbọ́ ọ ní odò kí oòrùn tó ràn. Bí ó bá sì ṣe akin, inú ìlú kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti jẹ oyè rẹ̀.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1861, ọdún náà gan-an tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, aṣojú ìjọba náà kó ẹ̀ṣọ́ 30 jọ láti máa ṣọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ó yá, Haúsá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fi orúkọ Haúsá pe ẹgbẹ́ náà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣọ́. Gómìnà ni wọ́n ń jẹ́ fún, ọwọ́ Gómìnà ni owó oṣù wọn ti ń wá, àṣẹ Gómìnà ni wọ́n sì ń mú ṣẹ. Ní ọdún 1896 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930, wọ́n da ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà kan ṣoṣo, Èkó ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Àríwá ní ọlọ́pàá tiwọn. Ọmọ ìlú ni wọ́n, èdè ìlú ni wọ́n ń sọ, owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà. Ènìyàn lè rò pé irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí inú aráàlú dùn sí jù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà òṣèlú gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn, pàápàá lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, ẹ̀sùn pọ̀ pé àwọn tí ó wà lórí àlééfà ń fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀ na àwọn alátakò wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹ̀ṣọ́ tí ó jẹ́ àjèjì lè má mọ ìlú, ó sì lè má náání rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀ṣọ́ tí ó súnmọ́ ilé lè di kùmọ̀ ní ọwọ́ alágbára inú ilé. Sísúnmọ́ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ẹ̀ṣọ́ náà yóò máa jíyìn fún.

Ohun tí ó wà nínú òfin àgbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo ilẹ̀ náà. Abala 214 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Abala 215 fi kún un pé gómìnà ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ fún Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá tí ó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ nípa ààbò ìlú, ṣùgbọ́n Kọmíṣọ́nà náà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, gómìnà tí aráàlú ń bú nígbà tí olè bá jà kò ní agbára tí wọ́n rò pé ó ní. Síbẹ̀ òun ni ó sábà máa ń ra mọ́tò fún àwọn ọlọ́pàá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àpò owó kan sílẹ̀ nípa òfin ní ọdún 2007 láti máa gba owó lọ́wọ́ ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àwọn ọlọ́rẹ, kí wọ́n lè máa fi ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún ààbò ìlú. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ó wá dà bí ẹṣin tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ni ín, ẹlòmíràn ni ó ń pa koríko fún un, ẹnì kẹta ni ó sì ń ké pé ẹṣin kò sáré.

Kò ṣòro láti mọ ohun tí ń bí àwọn ará àdúgbò nínú. Bí olè bá fọ́ ilé ẹnì kan, tí onítọ̀hún sì sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá ní òru, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń gbọ́ pé mọ́tò kò ní epo. Wọ́n lè ní kí ó lọ ra ìwé tí wọn yóò fi kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lára ògiri àgọ́ náà ni wọ́n lè kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ ẹni tí ó wá gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ yóò máa ka owó lórí káńtà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí èyí ní ẹ̀ẹ̀kan kì í fẹ́ padà lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Olè tí kò sì sí ẹni tí ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn yóò máa wo ara rẹ̀ bí onílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ènìyàn gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ọlọ́pàá kékeré tí ń gba owó epo náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Owó oṣù rẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ bárékè ni òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ìdílé ńlá sì ń gbé inú yàrá kan. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ni ó ti fi owó ara rẹ̀ ra bàtà àti aṣọ iṣẹ́. Bí owó tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣúná fún àgọ́ kan kò bá dé àgọ́ náà, ẹni tí ó kẹ́yìn ní ìlà ni yóò na ọwọ́ sí aráàlú. Èyí kò sọ rìbá di ohun rere, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn pé ibi tí omi ti ń jò kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ ti tutù nìkan.

Ìbínú tí kò bá rí ibi tí yóò gbà jáde lọ́nà òfin yóò gba ibòmíràn. Ní ọdún 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn kan tí wọ́n ń pè ní Badoo dẹ́rù ba Ìkòròdú. Òru ni wọ́n ń wọlé, wọ́n sì ń pa ìdílé mọ́ orí ẹní. Àwọn ènìyàn kò lè sùn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ di kùmọ̀ àti àdá mú, wọ́n dúró sí oríta, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017, aláwàdà kan tí ó wá ṣeré ní Ìkòròdú bọ́ sí ọwọ́ irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń padà lọ sí ilé ní òru. Wọ́n ní Badoo ni òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò mú wọn lọ sí iwájú adájọ́ kankan. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ pé wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀rù àwọn ará àdúgbò kì í ṣe irọ́, ìṣọ́ wọn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùṣọ́ bá tún di adájọ́, tí adájọ́ bá tún di olùpani, kò sí ẹni tí ó lè rin òru pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́, yálà olè ni tàbí olóòótọ́.

Irú ìbínú kan náà hàn ní ọdún 2020. Ẹ̀ka ọlọ́pàá kan wà tí wọ́n ń pè ní SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1992 láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àwọn tí ó yẹ kí ó mú olè ni ó ń dá àwọn dúró, tí wọ́n ń gba fóònù àti owó lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń pa lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀dọ́ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ṣùgbọ́n ìwọ́de kò dáwọ́ dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ ogún oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní ibi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí ní Lẹ́kí. Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn èrò sun ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá sì wà lára àwọn tí ó kú. Ibi tí àgọ́ bá ti jóná, ìwé ẹjọ́ àwọn tí olè jà a máa jóná pẹ̀lú rẹ̀, owó tí wọn yóò sì fi tún un kọ́, láti inú àpò ìlú kan náà ni yóò ti jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún náà, kí ìwọ́de yìí tó bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ 6 ti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sọ pé kò bá òfin mu. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n fi ẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, nítorí pé ọdẹ àti ọmọ ìlú wà lára àwọn tí wọ́n gbà sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹranko akin kì í kún ikùn. Ẹ̀ṣọ́ tí kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà ní àsìkò, tí kò sì ní ẹni tí ó ń yẹ ìwà rẹ̀ wò, yóò rìn ní ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ rìn.

Ohun kan wà tí àwọn ará àdúgbò sábà máa ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rò pé ìbọn àti mọ́tò nìkan ni ààbò. Olè a máa fẹ́ràn òkùnkùn, a máa fẹ́ràn ọ̀nà tí mọ́tò kò lè gbà, a sì máa fẹ́ràn ilé tí kò ní nọ́ńbà. Bí iná ojú pópó kò bá tàn, ọdẹ kò ní rí olè. Bí kòtò bá gba ọ̀nà, mọ́tò ọlọ́pàá kò ní lè kọjá. Bí òpópó kò bá ní orúkọ, ẹni tí ó ké sí ọlọ́pàá kò ní mọ bí yóò ti júwe ilé rẹ̀. Àtòjọ kẹrin nínú òfin ọdún 1999 ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí ọrùn ìjọba ìbílẹ̀: títún ọ̀nà àti òpópó ṣe, iná ojú pópó, gọ́tà, sísọ òpópó ní orúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ìṣọ́ òru wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Níbo wá ni owó ìjọba ìbílẹ̀ ń lọ? Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà. Abala 162 òfin náà ní kí owó tí ó tọ́ sí wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fi ń ráhùn pé owó tí ó wọ inú àpò náà kì í jáde bí ó ti wọlé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìdájọ́ ńlá ni. Àmọ́ owó tí ó dé ọwọ́ alága ìbílẹ̀ kò tíì di iná ojú pópó, bí àwọn tí ó dìbò fún un kò bá béèrè.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò kékeré kan là wá lójú. Bí ilé 40 bá wà ní òpópó kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń san ₦3,000 ní oṣù fún owó ọdẹ, ₦120,000 ni yóò máa wọlé ní oṣù, èyí tí í ṣe ₦1,440,000 ní ọdún. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, akápò yóò ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ìyá àgbà kan lè dìde, kí ó wí pé, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ra tọ́ọ̀ṣì méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí lọ́wọ́ bàbá ọdẹ. Ìkejì ńkọ́?" Akápò kò gbọdọ̀ bínú, yóò dáhùn ni. Ìyá yìí kan náà ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ tí owó tí ń wọlé sí i ju èyí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sì tíì béèrè ohunkóhun rí. Ó béèrè tọ́ọ̀ṣì kan lọ́wọ́ akápò, kò béèrè ọgọ́rùn-ún òpó iná lọ́wọ́ alága ìbílẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Wọ́n ti gbé owó náà jìnnà sí ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé tirẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ̀ṣọ́ èyíkéyìí, ìbáà ṣe ọdẹ, ìbáà ṣe Àmọ̀tẹ́kùn, ìbáà ṣe ọlọ́pàá, yóò bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ìbéèrè sì wà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ó sì béèrè àkọsílẹ̀ tí ó fẹ́ rí, láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Ẹgbẹ́ onílé lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: eélòó ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún iná ojú pópó ní ọdún yìí? Òpópó wo ni ẹ fi sí? Bí wọn kò bá mọ bí wọn yóò ti kọ ọ́, ọmọ ilé-ìwé gíga tí ó ń kọ́ lẹ́tà kíkọ ní kíláàsì wà nínú ilé wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà wí pé, "Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun." Olè ojú òru nìkan kọ́ ni òwe náà ń bá wí. Ọjọ́ olóhun yóò dé nígbà tí ohùn àwọn tí ń san owó bá dún ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dún ní ìpàdé onílé. Títí di ìgbà náà, bàbá ọdẹ yóò máa fi irin lu òpó iná tí kò tàn.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọdẹ ayé àtijọ́ àti ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Èkó ní ọdún 1861?
2. Kí ni ó fa á tí wọ́n fi tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká? Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú rẹ̀?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: "Ibi tí omi ti ń jò kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ ti tutù nìkan."
4. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ tí ó kan ààbò òru.
5. Kọ lẹ́tà ní orúkọ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò rẹ sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí o sì fi béèrè iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iná ojú pópó.